Awọ, Ipò Ara àti Àwòrán Tí Ó Fi Ọ̀rọ̀ Sẹ́yìn

Bí ènìyàn bá ká apá rẹ̀, tí ó sì fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ìgúnpá rẹ̀, yóò rí i pé awọ náà le, kò sì ṣe é fà sókè púpọ̀. Bí ó bá na apá náà tán, awọ ibẹ̀ kan náà yóò rọ̀, yóò hunjọ, yóò sì ṣe é fà bí ẹni fa etí aṣọ. Ènìyàn kan náà ni, awọ kan náà ni, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ohun gbogbo fi ṣẹlẹ̀. Ipò tí apá wà nìkan ni ó yí padà. Ohun tí àròkọ yìí dá lé nìyí: pé líle àti rírọ̀ awọ ènìyàn, bí ó ṣe ń nà àti bí ó ṣe ń padà sípò, kò ṣe é sọ láìsọ ipò tí ara náà wà. Ó ti lé ní 160 ọdún tí a ti ní ìmọ̀ yìí nínú ìwé. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé tí ó tẹ̀lé e ni kò rántí rẹ̀ mọ́. Bí onímọ̀ èdè bá dá sí ọ̀rọ̀ tí ó jọ ti oníṣègùn, ìdí rẹ̀ ni pé, lójú tèmi, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìmọ̀ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ àti ọ̀rọ̀ àwòrán gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa pa wọ́n pọ̀. Awọ, tí ohùn rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ohùn àárín, ni ohun tí ó bo ẹran ara, ìbáà ṣe ti ènìyàn, ìbáà ṣe ti ewúrẹ́. Àwọ̀, tí ohùn rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, ni bí nǹkan ṣe rí lójú, bí ó pupa tàbí bí ó dúdú. Awọ ni a ń sọ níhìn-ín. Èdè tí ó fi ọ̀rọ̀ kan pe awọ ara àti awọ ìlù ti fún wa ní àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ohun tí a ń wá. Ẹ wo onídùndún lẹ́nu iṣẹ́. Awọ tí ó ń lù kì í yí padà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọṣán tí ó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀ ni ó ń fún. Bí ó bá fún ọṣán, awọ a le, ohùn a sì lọ sókè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, awọ a dẹ̀, ohùn a sì wálẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi í pé ohùn wo ni awọ ìlù yìí ní, ẹ̀rín ni yóò fi dá a lóhùn. Agbára fífà tí ó wà nínú awọ, tí ó ń pọ̀ tí ó sì ń dín, ni n ó máa pè ní ìfà láti ibí lọ.

Ní Paris ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Guillaume Dupuytren, ọ̀gá oníṣẹ́-abẹ ní ilé-ìwòsàn Hôtel-Dieu, sọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ọgbẹ́ ohun ìjà, tí ó jáde ní 1834, nípa ọkùnrin kan tí ó fi ìlu gún ara rẹ̀ láyà. Ìlu ni irin ṣóńṣó tí àwọn aránbàtà fi ń dá ihò sára awọ. Róbótó ni ara rẹ̀. Ohun tí ó ya Dupuytren lẹ́nu ni pé ojú ọgbẹ́ náà kò rí róbótó bí irin tí ó dá a. Ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ọ̀bẹ ni a fi gún un. Ó gbé irú irin bẹ́ẹ̀ dán wò lára òkú, bákan náà ni ó sì rí. Kì í ṣe kékeré ni ìtumọ̀ èyí fún adájọ́, nítorí ẹni tí ó bá wo ojú ọgbẹ́ nìkan lè ní ọ̀bẹ ni wọ́n lò, kí wọ́n sì lọ mú ẹni tí ó ní ọ̀bẹ nílé. Dupuytren kú ní 1835, kò sì tọ ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò.

Ẹni tí ó tọ̀ ọ́ dé gbòǹgbò ni Karl Langer, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní Vienna, olú-ìlú Austria, tí a bí ní 1819 tí ó sì kú ní 1887. Ní 1861 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ọ̀wọ́ àròkọ kan jáde ní èdè Jámánì lórí awọ ènìyàn, nínú ìwé àkọsílẹ̀ Akadẹ́mì Ìmọ̀ ti Vienna. Ó dárúkọ Dupuytren gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ohun náà, kò fi í ṣe ti ara rẹ̀. Ohun tí Dupuytren sì ṣe ní ibi díẹ̀, Langer ṣe é káàkiri ara. Ó mú irin olórí róbótó, ó ń fi í dá ihò sára òkú, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, láìfi àyè púpọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Ihò náà kì í dúró ní róbótó. Ó ń gùn sí apá kan bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Nígbà tí ó fi ìlà so ìgùn ihò kan mọ́ ti èkejì, ìlà náà wọ́ lọ títí, ó yí ikùn ká, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìhà kọjá, ó sì tọ apá lọ. Àwọn ìlà wọ̀nyí ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlà Langer títí di òní.

Bí ó bá ṣe pé ibi ìlà náà ni ó parí iṣẹ́ rẹ̀ sí, kò sí ohun tí à bá máa sọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ó béèrè ìdí tí ihò fi ń gùn. Ìdáhùn tí ó rí ni pé okùn tín-ín-rín tín-ín-rín ni a fi hun awọ, tí okùn náà sì kọjá lórí ara wọn bí ojú àwọ̀n apẹja. Bí a bá fa àwọ̀n sí apá kan, ojú rẹ̀ a gùn sí apá náà, a sì fún mọ́ra ní apá kejì. Bẹ́ẹ̀ ni okùn inú awọ ń tò sí ibi tí ìfà bá pọ̀ sí. Irin róbótó tí ó bá wọ àárín wọn kì í gé wọn. Ó kàn là wọ́n ni, ihò rẹ̀ a sì gùn sí ibi tí okùn tò sí. Ó tún rí i pé ìfà wà lára awọ kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fà á. Bí a bá gé awọ róbótó kúrò lára, èyí tí a gé yóò sún kì, ojú ibi tí a ti gé e yóò sì fẹ̀ ju bí ọ̀bẹ ti là á lọ.

Langer wá rí ohun tí ó kàn wá jù. Òkú tí ó wà níwájú rẹ̀ wà ní ipò kan, yálà ó gan tàbí kò gan. Nígbà tí ipò oríkèé bá yí padà, tí a bá ká ẹsẹ̀ tí ó nà tàbí tí a na èyí tí a ká, ìfà awọ tí ó wà nítòsí yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ó kọ èyí sílẹ̀. Nítorí náà, ìlà tí ó yà kò ju ìlà ara kan ní ipò kan lọ, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣàlàyé ìlà wà nínú àròkọ. Ìlà fúnra rẹ̀ wà nínú àwòrán. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pínyà.

Àwòrán ni ó kọ́kọ́ rìn. Theodor Kocher, oníṣẹ́-abẹ ìlú Bern ní Switzerland, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1909 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀yà ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, gba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn nínú ìwé iṣẹ́ abẹ tí ó tẹ̀ jáde ní 1892 pé kí wọ́n máa la awọ ní ìbámu pẹ̀lú ìlà Langer. Ìmọ̀ràn náà mọ́gbọ́n wá. Bí aránṣọ ti ń wo ibi tí òwú tò sí kí ó tó ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́-abẹ tí ó bá tẹ̀lé ibi tí okùn awọ tò sí kò ní gé okùn púpọ̀. Etí ọgbẹ́ kò ní lanu jìnnà sí ara wọn, àpá rẹ̀ yóò sì tín-ín-rín. Láti ibẹ̀ ni àwòrán náà ti ń bọ́ láti inú ìwé kan sínú òmíràn, láti èdè kan sí èkejì. Àwọn tí ń yà á a máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ kí ó lè dùn ún wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn há a sórí. Àwòrán kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sì ní gbólóhùn onípò tí ó lè wí pé "bí apá bá wà báyìí". Ènìyàn kan tí ó dúró láìmira ni ó wà nínú rẹ̀, ìlà sì ti kún gbogbo ara rẹ̀.

A lè rò pé èdè nìkan ni ó fa èyí, pé àwọn tí kò gbọ́ èdè Jámánì ni kò rí ọ̀rọ̀ náà kà. Èdè wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, n ó sì padà sí i. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì ni Kocher ti ṣiṣẹ́. Mo gbà pé ìwà àwọn oníwèé ló tún dá kún un. Ẹni tí ó ń kọ ìwé fún ẹni tí ó fẹ́ tètè mọ iṣẹ́ a máa mú ohun tí ojú lè gbá mú, a sì fi àlàyé tí ó gùn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè mọ ìwà yìí dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àtẹ ohùn àti àtẹ ìró ṣe ń rìn jìnnà ju àlàyé tí ó bí wọn lọ.

Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣẹ́-abẹ bẹ̀rẹ̀ sí rí i pé àwòrán náà kò bá ohun tí ọwọ́ wọn ń kàn mu ní ibi gbogbo. Ní 1941 H. T. Cox tún ìlà náà yẹ̀ wò nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣẹ́-abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1951 Cornelius Kraissl dá a lábàá pé ìlà ìhunjọ ara ni ó yẹ kí a máa tẹ̀lé, ìyẹn ìlà tí iṣan abẹ́ awọ ń dá nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ní 1962 Albert Borges gbé èyí tí ó ní orúkọ kíkún jáde: ìlà ìfà awọ nígbà tí ara bá dẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń wá a rọrùn. Kí a dẹ oríkèé sílẹ̀, kí a fi ìka méjì gbá awọ jọ, kí a tún yí ìka padà kí a gbá a jọ láti apá mìíràn. Apá tí ìhunjọ bá ti gùn jù tí ó sì tọ́ jù ni ìlà náà wà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ipò ara ti wọ inú orúkọ yẹn. Ẹni tí ó bá ní "nígbà tí ara bá dẹ̀" ti gbà pé ohun mìíràn ni a ó rí nígbà tí ara kò bá dẹ̀.

Ẹnìkan tún wà tí kì í ṣe oníṣègùn rárá tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé ní ọ̀nà mìíràn. Arthur Iberall, ará Amẹ́ríkà, ń wá bí a ó ṣe rán aṣọ fún àwọn tí ń fò lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ fún mọ́ra, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ dí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láti tẹ̀ tàbí láti nà. Ó fi yíǹkì ya òbìrí sára ènìyàn, ó ní kí ẹni náà máa mira, ó sì ń wo ohun tí òbìrí ń dà. Òbìrí ń gùn, ó ń tẹ́, bí ipò ara ti ń yí padà. Òbìrí tí ó bá gùn sí apá kan tí ó sì kúrú ní apá kejì kò lè ṣaláìní ibì kan láàárín tí kò gùn tí kò sì kúrú. Iberall so irú ibi bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri ara, ó sì rí ìlà tí kì í nà bí ara tilẹ̀ ń mira. Ó kọ ìròyìn lórí rẹ̀ ní 1964 fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà. Okùn tí kì í nà rárá lè gba orí ìlà wọ̀nyí kọjá, aṣọ kò sì ní dí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 2000, Dava Newman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT gbé èrò yìí wọ inú aṣọ àwọn arìnrìn-àjò òfurufú tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí. Langer wá ibi tí awọ ti ń fà jù. Iberall wá ibi tí mímira ara kò fa awọ. Lójú tèmi, ìwádìí kejì yìí ni ó fi ipò ara sí ibi tí ó yẹ kí ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ó lè sọ nípa ènìyàn tí ó dúró láìmira.

Ní Glasgow, ní Scotland, ni ọ̀rọ̀ àti àwòrán ti tún pàdé. Thomas Gibson jẹ́ oníṣẹ́-abẹ tí ń tún awọ ara ṣe. Òun àti Peter Medawar ni wọ́n kọ̀wé ní 1943 lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá lẹ awọ ẹlòmíràn mọ́ ara ẹni tí iná jó. Lẹ́yìn náà, ó fọwọ́ so wọ́ pọ̀ pẹ̀lú Robert Kenedi, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Strathclyde, wọ́n sì ń wọn bí awọ ṣe ń nà bí ẹni wọn irin tàbí okùn. Wọ́n rí i pé ní ìbẹ̀rẹ̀ fífà, awọ kì í janpata; ìwọ̀nba agbára díẹ̀ ni a fi ń nà án. Okùn kọ́lájìn inú rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ nígbà náà, bí okùn tí kò tíì fà. Nígbà tí okùn bá tò tán tí ó sì tọ́, awọ a le lójijì, agbára púpọ̀ kò sì ní jẹ́ kí ó nà ju díẹ̀ lọ. Èyí ni ó ṣàlàyé ìgúnpá tí a fi bẹ̀rẹ̀. Apá tí a ká ti lo rírọ̀ awọ tán kí ìka wa tó kàn án.

Gibson kò fi ìwádìí tirẹ̀ nìkan sílẹ̀. Ní 1978, ìwé àtìgbàdégbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara tẹ ìtumọ̀ tí ó ṣe sí àwọn àròkọ Langer jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀: láti 1861 sí 1978 jẹ́ ọdún 117. Fún gbogbo àkókò yẹn, oníṣẹ́-abẹ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan yé lè la ìkùn ènìyàn ní orúkọ Langer láìka gbólóhùn kan nínú ohun tí Langer kọ. Oníṣẹ́-abẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ń dí ni ó jókòó ti iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n èdè. Ó yẹ kí èyí kan àwa tí a ń pe ara wa ní onímọ̀ èdè lára díẹ̀.

Ìtumọ̀ jáde, síbẹ̀ àwòrán kò tètè fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ní 2007, James Bush àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n sọ pé títí di ìgbà náà, ohun tí kì í yẹsẹ̀ ni a ka ìlà Langer sí. Ènìyàn 72 ni ó yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n gé àmì ara kéékèèké 175 kúrò ní ojú àti ọrùn wọn pẹ̀lú abẹ olójú róbótó, wọ́n sì wo bí ojú ibẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ní kí ẹni náà ṣe jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó lanu, kí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ó dijú pinpin, kí ó fajúro, kí ó gbé irun ìpéǹpéjú sókè. Nígbà tí ojú wà ní jẹ́ẹ́, 171 nínú ọgbẹ́ 175 ni ó gùn sí apá kan, gẹ́gẹ́ bí Dupuytren ti rí i. Ṣùgbọ́n 29 péré ni kò yí apá tí ó gùn sí padà nínú gbogbo ìṣe ojú wọ̀nyẹn. Nínú àwọn yòókù, ìgùn ọgbẹ́ ń yí, àwọn kan sì yí tó ìwọ̀n 90, tí ó túmọ̀ sí pé èyí tí ó dúró lóòró dùbúlẹ̀. Ẹ̀rín tí ẹni náà rín, tàbí ojú tí ó fà ro, ni ó ṣe é.

Ìwádìí ti Dublin tí Aisling Ní Annaidh ṣe aṣáájú rẹ̀, tí ó jáde ní 2012, fún wa ní òǹkà lórí awọ ẹ̀yìn tí a gbà lára òkú. Ní ìpíndọ́gba, awọ náà fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i kí ó tó ya, èyí tí a sì gé ní ìbámu pẹ̀lú ìlà Langer le ju èyí tí a gé dábùú rẹ̀ lọ. Òǹkà bẹ́ẹ̀ wúlò. Ṣùgbọ́n awọ tí ó ti kúrò lára kò ní oríkèé mọ́, ìfà tí ó ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ sì ti tú. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọn awọ lára alààyè ní láti pinnu ohun tí ẹni náà yóò ṣe: ṣé yóò jókòó ni, ṣé yóò dùbúlẹ̀ ni, ṣé yóò ká apá ni? Bí kò bá pinnu rẹ̀, tàbí bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, òǹkà tí ó rí kò ṣe é fi wé ti ẹlòmíràn. Awọ kò sì fi mọ sí oríkèé nìkan. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a yọ́ lọ sí ìhà etí. Bí ó bá dìde jókòó, a sọ̀kalẹ̀ sí àgbọ̀n. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́-abẹ tí ń tún ojú tàbí ọmú ṣe fi máa ń sàmì sára aláìsàn nígbà tí ó bá wà ní ìjókòó tàbí ìdúró, kí wọ́n tó gbé e sùn sórí tábìlì.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn ni àpá tí ó ń wú kọjá ojú ọgbẹ́ tí ó bí i, tí oyìnbó ń pè ní kílọ́ìdì. Jean-Louis Alibert, ará Faransé, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1806, ó sì fa orúkọ tí ó fún un lẹ́yìn náà yọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí èékánná akàn, nítorí bí ó ṣe ń na ọwọ́ jáde sí ẹ̀gbẹ́. Ní 1973, Omo-Dare kọ àròkọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú èyí tí ó fi hàn pé àwọn Yorùbá ti mọ àpá yìí tí wọ́n sì ti fi ìmọ̀ wọn pamọ́ fún ìran tí ń bọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Alibert tó dé ibẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nítorí ìlú tí ó ní olóolà kò lè ṣaláìmọ ìwà àpá. Ohun tí àwọn onímọ̀ Tokyo, Akaishi àti Ogawa pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wá fi kún un ní 2008 ni pé kọ̀ǹpútà lè ṣírò ìfà tí ó wà ní etí àpá náà, àti pé ibi tí ìfà bá pọ̀ sí ni èékánná akàn ń nà sí. Àyà àti èjìká ni àpá yìí ti wọ́pọ̀, níbi tí apá tí à ń gbé sókè sódò lójoojúmọ́ ti ń fa awọ láìsinmi; ó ṣọ̀wọ́n lójúgun, níbi tí mímira kì í fa awọ púpọ̀. Etí tí a lu tako àlàyé yìí díẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ń fa ìsàlẹ̀ etí, àpá sì máa ń wú níbẹ̀. Ìfà nìkan kọ́ ni ó ń bí àpá.

Èyí tí ó kù jẹ́ ti àwọn ọmọdé, ó sì jẹ́ ti àwa tí ń túmọ̀. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ, ọ̀kan nínú ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń ṣe láti mọ̀ bóyá omi ara rẹ̀ ti gbẹ ni pé wọ́n ń fi ìka fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, wọ́n sì ń wo bí yóò ṣe padà. Ìlànà tí WHO àti UNICEF gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 fún ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún pín ìdáhùn sí mẹ́ta: kí awọ padà lójú ẹsẹ̀, kí ó padà díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ó tó padà. Èyí tí ó lé ní méjì wà lára àmì tí ó ń fi hàn pé ewu ti dé. Ìlànà náà sọ pẹ̀lú pé nínú ọmọ tí ó ti rù kan egungun, awọ lè pẹ́ kí ó tó padà bí omi ara rẹ̀ kò tilẹ̀ gbẹ, àti pé nínú ọmọ tí ó sanra tàbí tí ara rẹ̀ wú, ó lè padà kíá bí omi ara rẹ̀ tilẹ̀ ti gbẹ. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ gbogbo èyí, ó sọ ipò tí ọmọ gbọ́dọ̀ wà. Ọmọ tí apá rẹ̀ nà kọjá orí ti fa awọ ikùn rẹ̀ le. Awọ bẹ́ẹ̀ lè padà kíá, kí ó sì bo òǹgbẹ tí ń pa ọmọ mọ́lẹ̀.

Bí a bá ń kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní èdè wa, fún nọ́ọ̀sì abúlé tàbí fún ìyá tí yóò gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, gbólóhùn ipò ara ni ó rọrùn jù láti fò, nítorí ó jọ àlàyé tí kò pọn dandan, àwòrán ìka méjì lórí ikùn sì ti wà níbẹ̀. Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí: Tẹ́ ọmọ sí ibi tí ó tẹ́jú, kí ó dojú sókè, tàbí kí ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹ sórí itan. Kó apá rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ó gbé wọn kọjá orí. Na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Wá agbedeméjì ìdodo àti ẹ̀gbẹ́ ikùn. Fi àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀lé e gbá awọ jọ, kí ìhunjọ rẹ̀ wà lóòró ara, kì í ṣe ní ìbú. Dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí o sì jọ̀wọ́ rẹ̀.